Bí Bàbá Rẹ Ṣe Fi Okùn Lé Àdúgbò Jáde Nílé

                                                  Yàrá Àwọn Obìnrin,
                                                  Òkè Gárééjì,
                                                  Ilé Iṣẹ́ Panápaná.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2018.

Tíṣà mi, ọ̀rẹ́ mi tó ju iyèkan lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le bí o ṣe ń bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ fa wàhálà lójoojúmọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí ẹ̀gbọ́n ti jáwọ́ nínú kó máa bu èékánná jẹ, àbí ó ti kọ́ àbúrò rẹ̀ náà? Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àìrójú. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún mi ṣì ń ṣe kóko bí mo bá ń gun àkàbà, ṣùgbọ́n ta ni kò ní tirẹ̀?

Kí n tó lọ síwájú: bàbá rẹ wà láàyè. Ó jẹun láàárọ̀ yìí, ojú mi ló ṣe, ó sì bú mi lẹ́yìn tó jẹun tán nítorí pé mo ká rọ́bà omi sódì. Nítorí náà, bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Bí o bá ti jókòó, má dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Nǹkan kan ń ṣe é tí kò fẹ́ kí o gbọ́, ó sì ti mú àwa méjèèjìlá tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ búra pé kò ní ti ẹnu wa jáde. Mo búra. Ìyẹn ni mi ò ṣe tẹ̀ ọ́ láago. Ẹnu ni mo fi búra, ọwọ́ ni mo sì fi ń kọ eléyìí. Bó bá di ẹjọ́, màá rò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá kàn là á mọ́lẹ̀ fún ọ báyìí, o máa wọ ọkọ̀ láìwọ bàtà. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé Bàbá Okùn la máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ibi tí a lọ, ì báà jẹ́ ológbò ló há sórí igi, àfi kó fi okùn yí ibẹ̀ ká kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tó kan ilẹ̀. Ó ní panápaná tí kò bá ta okùn, òun náà ti di èrò ìwòran. Ní oṣù tó kọjá, olú ilé iṣẹ́ rán olùkọ́ kan sí wa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ wa nípa ìtànṣán olóró, èyí tó ń jáde lára àwọn nǹkan kan tí wọ́n ń lò ní ọsíbítù àti nídìí iṣẹ́ ọ̀nà. Ojú kì í rí i, kò ní òórùn, kò gbóná, kò tutù. Tíṣà, iná tí kò ní èéfín! Awakọ̀ wa béèrè pé èwo wá ni kí àwa da omi sí nínú gbogbo èyí. Olùkọ́ ní omi kọ́. Ó ní kí a máa gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí a dúró lókèèrè, kí ẹni tó bá wọlé má pẹ́ níbẹ̀, kí a fi ohun tó nípọn sáàárín àwa àti nǹkan náà. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ, kó má mu. Ẹni tó bá ti wọ inú okùn, kó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó fọ ara rẹ̀, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá há síbẹ̀, ó ní ká kọ́kọ́ yọ ọ́ ná, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà máa ń tètè pa ènìyàn ju ìtànṣán lọ.

Ó wá fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ fún wa, kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Bí ibi bá dára, á máa dún tẹ́... tẹ́..., bí ẹni tí nǹkan sú. Bí ìtànṣán bá wà níbẹ̀, á figbe bọnu. Aláròyé la sọ ọ́. Nígbà tí bàbá rẹ gbọ́ pé ẹ̀rọ yìí ni yóò máa sọ ibi tí okùn yẹ kó wà, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra okùn tuntun. Lójú ẹsẹ̀ ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka Aláròyé sínú ìwé àfi bó bá kà á níwájú òun, kí àṣìkà má baà wà. Òfin yìí ló kó bá wa.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá rẹ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kànlélógún. Ó di ẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú, ó ní eyín ló ń dun òun, òun ti yà lọ́dọ̀ dókítà eléyín. A kí i kú ìrora. Awakọ̀ wa bá a po omi gbígbóná mọ́ iyọ̀, bàbá rẹ fi fọ ẹnu, ó kérora dáadáa, ó sì dúpẹ́.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí aago dún. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ti lọ fi orí sọ òpó iná ní òpópónà tó wà nísàlẹ̀ wa, awakọ̀ rẹ̀ há sínú rẹ̀, àpótí irin kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà tó ní àmì lára, yẹ́lò, pẹ̀lú abẹ dúdú mẹ́ta bíi ti fáànù. Bàbá rẹ ṣí ìwé tí olùkọ́ fi sílẹ̀. Ó wo àmì inú ìwé, ó wo àpótí, ó tún wo ìwé. Ó ní, “Òun nìyí!” Ohùn rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

A ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mi ò ní parọ́. A gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, a páàkì lókèèrè, bàbá rẹ ta okùn ní ọgọ́ta ìgbésẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Èmi pẹ̀lú Ọ̀pẹ, ẹni gíga tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó bá ọ ká aṣọ lórí òrùlé, àwa méjèèjì la wọṣọ, a bo imú, a gbé Aláròyé, a wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gan-an, ohun tí ẹ̀rọ náà sọ kò pọ̀: tẹ́, tẹ́-tẹ́, tẹ́. Ọ̀pẹ ní bóyá ó ti rẹ bátìrì rẹ̀. A ò dúró yẹ̀ ẹ́ wò, a fi irin ya ilẹ̀kùn, a yọ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lábẹ́ bíréèkì, kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kán, fóònù rẹ̀ ló ń béèrè títí áńbúláǹsì fi gbé e lọ.

A padà sídìí okùn. Bàbá rẹ dúró síbẹ̀, ó ṣí ìwé, ó di bírò mú. Mo gbé Aláròyé síwájú rẹ̀ kó kà á. Yéè! Ẹ̀rọ náà ké bí ìgbà tí wọ́n tẹ ajá nírù.

Wò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ̀rọ ń figbe ta. Ẹni tó bá lórí á dúró, á bi ara rẹ̀ léèrè. Àwa ò dúró. Bàbá rẹ pariwo pé nǹkan náà ti gun afẹ́fẹ́, ó ń lé wa bọ̀, ó yá, sẹ́yìn, sẹ́yìn, gbogbo yín! A ká okùn, a sáré, a lọ ta á níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó dúró, ó mí hẹlẹ, ó ní kí n gbé ẹ̀rọ wá. Mo gbé e wá. Igbe! A lé onígbàjámọ̀ jáde, a lé oníbàárà rẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, wọ́n ti gẹ apá kan orí rẹ̀, apá kejì ṣú dùdù. A sáré dé iwájú ilé aránṣọ. Igbe! A lé aránṣọ jáde. A dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Igbe! Àwọn ọmọ ilé ìwé tò jáde, wọ́n ń jó, ìwọ náà mọ bí ọmọ ṣe máa ń ṣe bí iṣẹ́ bá dá dúró. Níbi gbogbo tí a sá dé, bàbá rẹ ló ń ṣíwájú, òun ló ń fi ìka hàn wá pé ibí ni kí okùn wà, níwájú rẹ̀ náà la sì ti ń ka ẹ̀rọ. Àpótí ọ̀hún ò kúrò lójú kan láti àárọ̀.

Okùn tán, àti tuntun àti ògbólógbòó. Aránṣọ gé etí aṣọ fún wa, a so wọ́n pọ̀. Ìyẹn náà tán. Ọ̀pẹ lọ tú okùn tí ìyá àgbàlagbà kan ń sá aṣọ sí, ìyá náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tútù lápá, ó ń ṣépè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú.

Gbogbo ẹni tó bá ti wà nínú okùn ló gbọ́dọ̀ wẹ̀, okùn sì ti fẹ̀ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wẹ ìlú. Èmi ni mo di rọ́bà omi mú, ẹ ò kúkú sọ mí ní Olómi lásán. Mo wẹ ọkùnrin olórí méjì yẹn. A mú un dé iwájú bàbá rẹ, a yẹ̀ ẹ́ wò. Igbe! A dá a padà, a fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Igbe! A wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, a gbọn etí rẹ̀, a fọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Igbe! Nígbà tí mo fi tún gbé omi sókè lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ń gbọ̀n, ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ la ń fọ̀ lára òun, òun á kúkú jẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sọ fún un pé kò tíì sanwó o. Ìyá olókùn kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ẹnìkan ò ní fi rọ́bà panápaná wẹ òun. Ó lọ dúró sábẹ́ igi lókèèrè. Ọ̀pẹ yọ́ tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú Aláròyé: tẹ́... tẹ́... Kò sí nǹkan kan. Ìyá ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wẹ̀ ni ẹ dọ̀tí.” Bàbá rẹ ní èyí kò wọ ìwé, nítorí pé kì í ṣe iwájú òun ni wọ́n ti kà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n omi ti wọ̀ mí létí, mi ò ronú.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, okùn ti dé ẹnu géètì wa. A ti ń ṣètò bí a ṣe máa lé ara wa jáde níbi iṣẹ́. Ìgbà náà ni obìnrin kúkúrú kan dé láti ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó ìtànṣán, ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ó lọ sídìí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbá a pẹ́pẹ́, ó padà. Ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò jò, wọ́n fi ń dán ilẹ̀ wò kí wọ́n tó da ọ̀dà lé ọ̀nà ni. Bó ṣe ń sún mọ́ wa, ẹ̀rọ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó dúró. Ó rìn sẹ́yìn, ẹ̀rọ dákẹ́. Ó tún bọ̀, ẹ̀rọ ké. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a tò, kí a fi ìgbésẹ̀ márùn-ún-márùn-ún jìnnà síra wa, ó ní kí èmi máa fi tiwa yẹ wọ́n wò kí òun máa kọ ọ́.

Mo yẹ Ọ̀pẹ wò, kò sí. Mo yẹ awakọ̀ wa wò, kò sí. Ó ku bàbá rẹ. Tíṣà, ta ló máa na ẹ̀rọ sí ọ̀gá láyà? Ẹni tó fi mí síṣẹ́, tó ra bàtà ilé ìwé fún mi nígbà tó ń ra tìrẹ? Bàtà rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ má bínú, sà. Bàtà: tẹ́-tẹ́, tẹ́-tẹ́. Orúnkún: tẹ́tẹ́tẹ́. Mo tún ní ẹ má bínú, sà. Ìgbà tí mo fi dé àyà rẹ̀, Aláròyé ò sinmi mọ́.

Obìnrin náà bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó lọ sí ọsíbítù láàárọ̀. Ó ní eyín ni. Ó ní eyín wo? Bàbá rẹ fọwọ́ kan ẹ̀kẹ́ òsì. Ọ̀pẹ tí kò lè pa ẹnu dé ní, “Ọ̀gá, eyín yín ti ṣí kúrò lápá ọ̀tún o.” Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, tirẹ̀ ò tilẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Oògùn tó ní ìtànṣán nínú ni wọ́n fà sí i níṣan láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n lè ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Obìnrin náà ní kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, kò ní pé ọjọ́ méjì tí yóò fi tán lára rẹ̀. Ó ní ọsíbítù máa ń fún wọn ní káàdì kí wọ́n fi han ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ yìí. Bàbá rẹ ki ọwọ́ sínú àpò, ó mú káàdì jáde. Inú àpò yẹn ló wà láti àárọ̀, Tíṣà, nígbà tí mo ń fọ abẹ́ èékánná ọlọ́mọ!

Inú bí mi. Mo gbàgbé ọ̀gá, mo gbàgbé sà, mo bi í pé ṣé ó mọ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ wa. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́ òun rò pé afẹ́fẹ́ ni lóòótọ́. Ó ní níwájú ilé aránṣọ ni òun ti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu òun ò là. Ó ní òun ṣáà rò pé bí okùn bá jìnnà tó, ẹ̀rọ náà á dákẹ́.

Iṣan mẹ́ta ló ti dí nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tó ti ń dúró sí àárín àkàbà, tó ń sọ fún wa pé òun ń yẹ ìdè rẹ̀ wò. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀. Kò fẹ́ kí o mọ̀. Ó ní o ti bẹ òun lọ́dún méjì sẹ́yìn pé kí òun fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun ò fẹ́ kí o wá máa wo òun lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó jàre. Ó tún ní ẹkún tí o sun nígbà tí ìyá rẹ lọ ti tó. Ibi tó ti sọ èyí ni gbogbo wa ti búra, nítorí pé kò sí ẹni tó lè wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí a lọ ká okùn, kí a sì dá ti ìyá yẹn padà kó tó ṣépè kan ọmọ wa.

Lánàá, ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó na fọ́ọ̀mù ọsíbítù sí mi. Ó ní wọn ò ní fọwọ́ kan òun bí ẹbí kan ò bá fọwọ́ sí i. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni náà jẹ́ sí i, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: ọmọ. Ó ní kí n ṣáà buwọ́ lù ú, ta ló máa mọ̀, ṣé kì í ṣe ilé òun ni mo ti jẹun dàgbà? Òótọ́ ni. Mi ò lè sọ fún ọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó, ó sì dùn mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀, mò ń lọ mú bírò.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ọ̀pẹ ní kí n kí ọ, òun náà mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, ó sì ní òun ò rí mi. Mi ò lè sọ pé bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ọwọ́ rẹ nìkan ni mo ní kó fi lé. Ìwé kejì tó wà nínú àpòòwé náà ni fọ́ọ̀mù yẹn. Mi ò buwọ́ lù ú. Láti àná ni bàbá rẹ ti ń wo ojú mi pé ṣé mo ti rí bírò. Láìsí ìwé yìí, wọn ò ní ṣe é fún un. Ìwé yìí sì ti wà lọ́wọ́ rẹ báyìí. Ibi tó kọ ọmọ sí, ìwọ ni. Fọwọ́ sí i, kí o sì gbé e wá fún un fúnra rẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń retí rẹ ní ìdíkọ̀,

Olómi.